Ọ̀rọ̀ Ìtùnú tó Gba Láísẹ́ǹsì Gbénga

Obìnrin kan wà ní Ẹgbẹ́dá, Susanna ni wọ́n sọ ọ́ ní ìsàmì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa bàálù, kò sẹ́ni tó rántí Susanna mọ́. Ìyá Páílọ́ọ̀tì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Opó ni, iṣẹ́ ìrọ̀rí ló sì ń ṣe jẹun. Á ra òwú àràbà lọ́wọ́ àwọn ará oko tó ń kó o wá sí Ìyànà Ìpájà, á ṣa èso inú rẹ̀ dànù, á fi ọ̀pá nà án títí yóò fi fúyẹ́ bí èéfín, á wá kì í sínú aṣọ. Gbogbo ayé ti ń ra fóòmù nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé orí lé ìrọ̀rí Susanna rí, fóòmù á dà bí òkúta lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òwú kì í tán lára obìnrin yìí. Ó wà nírun rẹ̀, ó wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyá ti kó sínú ìkùukùu kí ọmọ rẹ̀ tó débẹ̀.

Bí bàálù bá ń kọjá lórí Ẹgbẹ́dá lọ sí Ìkẹjà, àwọn ọmọdé á dá eré dúró, wọ́n á máa juwọ́: “Bùọ̀dá Gbénga, ẹ ju súwíìtì sílẹ̀ fún wa o!” Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo bàálù ni Gbénga ń wà. Ká má purọ́, Susanna alára kò mọ̀. Èyí tó bá ti kọjá, á nàró, á fọwọ́ ṣíji bojú, á ní, “Olúwa, gbé e sọ̀ jẹ́jẹ́.” Á tún padà sídìí òwú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú Susanna tí Ẹgbẹ́dá kò mọ̀.

Ìkirè ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Gbénga wà lọ́mọ ọwọ́, gìrì gbé e, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó lọ. Ọmọ wo ni gìrì kì í gbé? Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ti gòkè, tó ti wà ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta, tí irùngbọ̀n ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó ṣubú lulẹ̀ níbi tí gbogbo iléèwé tò sí. Ó ń ta, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu. Ẹgbẹ́ rẹ̀ sá. Olùkọ́ sá. Àrùn tí a kì í pè lórúkọ ni. Ó tún gbé e, ó tún gbé e. Àwọn ará ilé ọkọ Susanna ya abọ́ ọmọ náà sọ́tọ̀, wọ́n ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ yòókù má ṣe fẹsẹ̀ tẹ ibi tó tọ̀ sí. Ọjọ́ tí Susanna rí i tí wọ́n ń fi igi ti àwo oúnjẹ sí i bí ẹni ń bọ́ ajá tó dìgbòlugi, ọjọ́ náà ló di ẹrù. Kò dágbére fún ẹnìkankan. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wá sí Ẹgbẹ́dá, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti ilé díẹ̀díẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Ọmọ ń lo oògùn ọsibítù, ìyá ń na òwú. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́, ó sì fi oògùn sílẹ̀.

Ọjọ́ tí Gbénga ní iṣẹ́ wíwa bàálù lòun fẹ́ lọ kọ́ lókè Ọya, àyà ìyá rẹ̀ já. Ó wo ojú ọmọ.

“Màmá, mo ti san,” ni Gbénga wí. “Níhìn-ín, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò ní sọ ọ́.”

“Ṣé o ti san lóòótọ́?”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń gbàdúrà ni? Àbí ẹ ò gba ohun tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún gbọ́?”

Ọ̀rọ̀ yìí ló di Susanna lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, ọdọọdún tí wọ́n bá ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, Susanna á gbé iṣu ru, á jó dé iwájú pẹpẹ. Bí wọ́n bá ní kí ló wá dúpẹ́ fún, á ní, “Ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀ ni.” Àwọn ènìyàn á ní “Áámín,” wọ́n á rò pé nítorí bàálù ni.

Ní àkókò tí wọ́n ń pariwo SAP, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé dé, káàkiri, tí iléeṣẹ́ bàálù aládàáni ń hù bí olú, ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣóbọ̀wálé àti Lucy ìyàwó rẹ̀ wá gba yàrá nínú ilé Susanna. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó àwọn awa-bàálù ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Susanna gbọ́, ó pàtẹ́wọ́.

“Áà! Ìwọ lọ̀gá ọmọ mi nìyẹn!”

“Rárá o, Màmá. Èmi kọ́ ni mo gbà á síṣẹ́. Ìjọba ló ní ká máa wò wọ́n.”

“Kí lẹ ń wò lára wọn? Ọmọ tó ti kàwé, tó ti gbàwé?”

“Ẹ wò ó, Màmá. Télọ̀ tó bá ti gba fírídọ̀mù, ó parí nìyẹn. Bó rán aṣọ tó wọ́, oníbàárà á bú u, ọ̀rọ̀ á tán. Ti páílọ́ọ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. A ó tún pè é, a ó jókòó tì í nínú bàálù, a ó ní kó ṣe é ká rí i, dókítà á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí irun orí rẹ̀ funfun, a ó tún pè é.”

“Ẹ̀yin ò ní í jẹ́ kí wọ́n sinmi ṣá.”

“Màmá, bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá kú ní Dọ̀pẹ̀mú, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bá dẹ́rẹ́bà tì í. Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ ti bàálù?”

Susanna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Bó bá se ẹ̀bà, á bu ti Ṣóbọ̀wálé. Bí Lucy bá ń bínú sí ọkọ rẹ̀, Susanna á gbè sẹ́yìn ọkọ, á ní, “Fi í lẹ̀ jàre, ọmọ mi ni.” Bí Gbénga bá wá láti Dọ̀pẹ̀mú níbi tí òun àti Kẹ́mi aya rẹ̀ ń gbé, òun àti Ṣóbọ̀wálé á jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bàálù. Susanna á máa na òwú, á máa wo àwọn méjèèjì, inú rẹ̀ á dùn bí inú ẹni tó bí ìbejì.

Lucy bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Olúrẹ̀mí. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò nígbà tí ibà mú un. Ọ̀sán gangan ni. Susanna ń rán ẹnu ìrọ̀rí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe Lucy. Kí ó tó débẹ̀, àwọn obìnrin ti kún yàrá. Ọmọ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí padà, ẹnu rẹ̀ ti dì. Sìdíkátù, obìnrin tó ń ṣe irun lójúlé kejì, ti gbé ìgò àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò dání, ó ń wá ṣíbí tí yóò fi la ọmọ lẹ́nu.

“Sìdíkátù, gbé ìgò yẹn jìnnà!”

“Màmá, gìrì ni! Ẹ jẹ́ kó mu ún kó tó lọ!”

“Mo ní gbé e jìnnà! Ṣé o fẹ́ kó há a lọ́fun ni?”

Ó gba ọmọ náà, ó bọ́ aṣọ lára ọmọ, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó rẹ aṣọ sómi, ó ń fi nù ún lára, ó ń pè é lórúkọ jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Nígbà tó yá, ara ọmọ dẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Susanna ní, “Ẹ kú oríire. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.”

Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, Ṣóbọ̀wálé ti dé láti ibi iṣẹ́, ó gbé ọmọ lé àyà. Dókítà ti ní kò sóhun tó ṣe é, ibà ló fà á. Ṣùgbọ́n Lucy kò gbà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

“Wọ́n ní ọmọ tí gìrì bá gbé, orí rẹ̀ kì í pé mọ́. Wọ́n ní bó dàgbà, yóò di wárápá. Màmá, ayé ọmọ mi ti bàjẹ́.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ Susanna nìyí: a kì í fi ẹnu lásán tu ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú. “Yóò dáa, yóò dáa,” ta ni kò lè sọ ọ́? A máa ń ká aṣọ sókè ni, a fi ojú egbò tiwa hàn án, kí ó lè rí i pé egbò a máa jiná. Ìyá Susanna ṣe é fún àwọn aládùúgbò, ìyá ìyá rẹ̀ ṣe é. Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú, obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ti kú rí ni í lọ jókòó tì í. Susanna wo Lucy. Ó rí ara rẹ̀ ní Ìkirè, níbi tí kò ti sẹ́ni tó jókòó tì í.

“Lucy, dákẹ́. Wò mí lójú. Ṣé o mọ Gbénga?”

“Bùọ̀dá Gbénga wo?”

“Gbénga tèmi. Gbénga tó ń gbé bàálù. Gìrì gbé e ju ti Rẹ̀mí lọ. Kì í ṣe lọ́mọ ọwọ́ nìkan. Ó dàgbà tán, ó tún ń gbé e, ìyẹn gan-an tí ò ń bẹ̀rù yẹn. Ó ṣubú lójú gbogbo ará iléèwé. Wọ́n ní kò ní í wúlò. Wọ́n fi igi ti oúnjẹ sí i. Òun rèé lónìí! Òun ló ń gbé àwọn ọ̀gá ọ̀gá lọ sí Kánò. Orí rẹ̀ kò pé ni?”

Lucy dákẹ́ ẹkún. Ó nu imú. “Lóòótọ́, Màmá?”

“Ṣé màá fi ọmọ mi pa irọ́ ni?”

Ṣóbọ̀wálé ń rẹ ọmọ tó wà láyà rẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ó wá ní, “Màmá, ó ti tó ọmọ ọdún mélòó nígbà yẹn?”

“Ó ti gòkè. Ó ti ń fá irùngbọ̀n.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ kú ìyà ọmọ.” Ó gbé ọmọ wọlé.

Lucy sùn lọ́jọ́ náà. Susanna náà sùn. Ara rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni tó ti ru igi láti ìgbà èwe, tó wá rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

Ẹyin ni ọ̀rọ̀, ó sì ti bọ́. Oṣù náà kò ì parí tí Gbénga fi wá sí Ẹgbẹ́dá láàárín ọ̀sẹ̀. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Kò dọ̀bálẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

“Màmá, ta lẹ sọ fún?”

“Sọ kí ni? Wọlé ná. Ṣé o ti jẹun?”

“Wọ́n ti gba láísẹ́ǹsì mi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sún mọ́ bàálù títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ mi. Wọ́n ní ẹnì kan sọ fún àwọn pé mo ní wárápá. Màmá, yàtọ̀ sí àwọn ará Ìkirè, ènìyàn mélòó ló mọ̀?”

Òwú bọ́ lọ́wọ́ Susanna. Ó wo ilẹ̀kùn Ṣóbọ̀wálé. Gbénga náà wo ibi tí ìyá rẹ̀ ń wò. Ó ní, “Háà!” Ó yí padà, ó lọ.

Susanna jókòó síwájú ilé títí Ṣóbọ̀wálé fi dé. Ọkùnrin náà rí ojú rẹ̀, ó mọ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, tòun ti táì lọ́rùn.

“Ìwọ lo lọ sọ ọ́?”

“Èmi ni, Màmá.”

“O ò tilẹ̀ sẹ́.”

“N kò lè sẹ́ níwájú yín.”

“Ṣóbọ̀wálé! Nígbà tí ọmọ rẹ ń gbọ̀n, ọwọ́ ta ló wà? Nígbà tí ìyàwó rẹ ń sunkún, mo tú ara mi síhòòhò kí ó lè rẹ́rìn-ín. O wá ká aṣọ mi, o gbé e lọ sọ́jà! Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ṣé ẹ̀bà mi ló korò ni? Àbí ilé mi ló ń jò?”

Lucy ti yọ jáde. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ń sọ pé òun kò mọ̀, òun kò mọ̀ rárá.

“Màmá,” ni Ṣóbọ̀wálé wí, “oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Bó bá gbé e níbi tó ti di bàálù mú ńkọ́?”

“Ó ti san!”

“Kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀, màá jó.”

“Kí ló dé tí o kò kọ́kọ́ bi mí? Ṣé a kì í bi àgbà léèrè ní ilé yín ni? O ò lè ní, ‘Màmá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́sí, báyìí báyìí ni mo fẹ́ ṣe’?”

“Bí mo bá bi yín, ẹ ó sọ fún un.”

“Màá sọ fún un! Ọmọ mi ni!”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Yóò sì ti lọ wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dá wa lóhùn. Àwọn tó ń wọ bàálù yẹn, àwọn náà ní ìyá.”

Òótọ́ ni pé Susanna yóò sọ fún un. Èyí tilẹ̀ dùn ún ju àkọ́kọ́ lọ. Ó dìde, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni ọ́fíìsì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí ìyá Gbénga. Gbénga wá fi mọ́tò gbé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ lójú títì Akówonjo ló ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní ohun tí yóò sọ.

“Ẹ máa ní lọ́mọ ọwọ́ ni. Lọ́mọ ọwọ́ nìkan. Gìrì ọmọ ọwọ́ kì í gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní ẹ sọ ohun mìíràn fún Ṣóbọ̀wálé, ẹ ní ẹ fi ń tu ìyàwó rẹ̀ nínú ni, pé ẹ bù mọ́ ọn.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ tún un sọ kí n gbọ́.”

“Lọ́mọ ọwọ́ nìkan. Mo bù mọ́ ọn.”

Susanna ti pinnu. Irọ́ ni, yóò sì pa á. Ìyá wo ni kò ní í pa á? Ọmọ tó gbé sá kúrò lọ́wọ́ ará ilé, ṣé yóò wá fà á lé ará òde lọ́wọ́? Bó ti wù kí inú ń bí i sí Ṣóbọ̀wálé tó, ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ gbọ́ kí ẹnu rẹ̀ lè yá.

“Gbénga, mo mọ̀ pé o ti san. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún mi kí ọkàn mi balẹ̀. Láti ìgbà tí o ti fi oògùn sílẹ̀, kò gbé ọ mọ́, àbí?”

Gbénga ń wo ọ̀nà. Ó fún fèrè mọ́ ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke. Ó tún fún un, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti yà.

“Gbénga.”

“Ilé ni mo wà, Màmá. N kò sí lókè.”

“Nígbà wo?”

“Lọ́dún tó kọjá. Kẹ́mi nìkan ló rí i. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà ni, mi ò sùn. Mo ti padà sórí oògùn, kò tún ní í ṣẹlẹ̀.”

Ọdún tó kọjá. Susanna rántí ìkórè ọdún tó kọjá. Gbénga wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, ó wọ agbádá funfun, òun ló bá ìyá rẹ̀ gbé iṣu dé iwájú pẹpẹ. Ó bá a jó. Ó bá a ní “Áámín.” Gbogbo àkókò tí òun ń fọwọ́ ṣíji bojú wo bàálù, tí òun ń ní kí Ọlọ́run gbé e sọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀, aya rẹ̀ mọ̀, òun ìyá nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ kó máa jó.

“O jẹ́ kí n máa dúpẹ́,” ló wí.

“Màmá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ báyìí. A ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀.”

Yàrá tí wọ́n mú wọn wọ̀ tutù bí inú kòtò. Dókítà àgbàlagbà kan tó kọ àbàjà ló jókòó sí àárín, obìnrin kan tó ń kọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ṣóbọ̀wálé dúró lẹ́bàá ògiri, kò gbé ojú sókè.

“Màmá, ẹ jókòó,” ni dókítà wí. “A ò pè yín wá ṣe ẹjọ́. Ọmọ yín ní lọ́mọ ọwọ́ ni gìrì gbé òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e lẹ́yìn tó ti dàgbà, a ò lè fi ẹ̀mí àwọn èrò ṣeré. Ẹ̀yin lẹ bí i. Kí lẹ mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Susanna: lọ́mọ ọwọ́ nìkan, mo bù mọ́ ọn. Ó wo Gbénga. Ó rò ó pé ọmọ tó bá wà níwájú ìyá rẹ̀ lè ní ìtìjú. Ó fẹ́ fún un ní àyè láti sọ òótọ́ kí òun tó ba ẹnu ara òun jẹ́.

“Dókítà, ọmọ mi kì í ṣe ọmọdé. Ẹ bi í lójú mi. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ gbà.”

Gbénga dìde, ó na ara rẹ̀ tọ́, bí wọ́n ṣe ń dúró nígbà tí wọ́n bá wọ aṣọ iṣẹ́.

“Sà, láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́mọ ọwọ́, kò gbé mi rí. Ìyá mi rèé. Mo fi orí ìyá mi búra.”

Susanna gbé ọwọ́, ó fi kan orí ara rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Orí tó fi ru àpò òwú láti Ìyànà Ìpájà, tí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún títí di òní. Orí tó tẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn ará Ìkirè. Òun ni Gbénga gbé sílẹ̀ fún irọ́ yìí. Bó bá ṣe pé orí ara rẹ̀ ló fi búra ni, ìyá ì bá gbà á, ì bá bá a pa irọ́ yòókù.

“Kò rí bẹ́ẹ̀,” ni Susanna wí.

“Màmá!”

“Kò rí bẹ́ẹ̀, Dókítà. Ó ti dàgbà kí ó tó wá gbé e gan-an. Fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà. Èmi ni mo gbé e sá kúrò ní Ìkirè, èmi ni mo bò ó mọ́lẹ̀. Ó tún gbé e lọ́dún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò lónìí. Kẹ́mi ìyàwó rẹ̀ ló rí i.”

Obìnrin tó ń kọ̀wé dá kíkọ dúró. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá,” bí ẹni ń báni kẹ́dùn.

Ìta ni Gbénga ti bá a, nídìí mọ́tò.

“Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tà mí. Ẹ tà mí fún Ṣóbọ̀wálé, mo ní àìmọ̀ ni. Èyí ńkọ́?”

“O fi orí mi búra, Gbénga.”

“Kí ni kí n fi búra? Kí ni mo tún ní?” Ohùn rẹ̀ já. “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa bò ó. Láti ìgbà tí a ti dé Ẹgbẹ́dá lẹ ti ń sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo wá mọ̀ ọ́n bò tán, ẹ wá tú mi.”

Ó wọ mọ́tò, ó wà á lọ. Kò wẹ̀yìn. Susanna dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lábíyá. Ṣóbọ̀wálé jáde tọ̀ ọ́ wá, ó ní kí Màmá jẹ́ kí òun sìn ín délé.

“Mo mọ ọ̀nà.”

“Màmá, ohun tí ẹ ṣe lónìí, kì í ṣe gbogbo ìyá ló lè...”

“Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mi ò ṣe é fún ọ. Òótọ́ lo sọ, n kò ní kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé mi lo ti mú un, ìdí ìtùnú lo ti mú un. Ìgbà mìíràn tí obìnrin kan bá ń sunkún níwájú mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Lọ wá ilé, Ṣóbọ̀wálé. Fi ara balẹ̀ wá a, mi ò lé ọ jáde lónìí. Ṣùgbọ́n lọ wá a.”

Wọ́n rí ilé sí Ìkòtún. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, Susanna kò jáde, ṣùgbọ́n ó pe Lucy wọlé, ó fi hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀ àti bí omi náà kò ṣe gbọdọ̀ tutù jù. Lucy ń sunkún. Susanna kò bá a sọ ìtàn kankan.

Àdúgbò kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè é ní Ìyá Páílọ́ọ̀tì, ó sì ń jẹ́ wọn. Nígbà tí ìkórè dé, ó fi iṣu ránṣẹ́, kò lọ.

Dọ̀pẹ̀mú ló ń lọ. Bí ọjà òwú bá ti gbé e dé ọ̀nà ibẹ̀, á yà. Kẹ́mi ló máa ń ṣílẹ̀kùn díẹ̀, á kúnlẹ̀, á ní bàbá ilé ń sùn. Susanna á ní, “Ó ń lo oògùn rẹ̀?” Kẹ́mi á ní, “Ó ń lò ó, mà.” Susanna á ní, “Jẹ́ kó máa sùn dáadáa. Àìsùn ló ń fà á.” Á yí padà. Ohùn Gbénga a máa wá láti inú ilé nígbà mìíràn, tí ń bá rédíò jiyàn, ohùn ẹni tí kò sùn.

Ọjọ́ kan ni ilẹ̀kùn ṣí tán pátá. Gbénga ló dúró síbẹ̀. Ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ó wo òwú tó lẹ̀ mọ́ gèlè rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀ láti ṣa á kúrò, ó dá a padà.

“Ẹ wọlé, ìyá Gbénga,” ló wí, bí ẹni ń kí ìyá ẹlòmíràn.

Susanna bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé.